Bí A Ṣe Lè Béèrè Àfikún Owó Oṣù fún Olùkọ́ Láti Inú Owó Orí Ìpínlẹ̀ Kogí

Ẹni tó bá fẹ́ kí ìjọba fi kún owó oṣù àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Kàbà, Mopa, Ìsánlú tàbí Ẹ̀gbẹ̀, ìṣirò ni kó kọ́kọ́ ṣe kó tó kọ lẹ́tà. Bí olùkọ́ 1,000 bá máa gba àfikún ₦10,000 lóṣù, ₦120,000,000 ni ìjọba yóò máa wá lọ́dún, láìtíì ka owó ìfẹ̀yìntì tí yóò gòkè pẹ̀lú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ tọ́ka sí orísun owó. Owó orí tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù àwọn tó ń gbé ní ìpínlẹ̀, títí kan ti àwọn olùkọ́ fúnra wọn, àpò ìpínlẹ̀ ló ń wọ̀, kì í sì í bá iye owó epo rọ̀bì lọ sókè sódò bí owó tó ń ti Àbújá wá. Lójú tèmi, ó sàn kí a gba owó orí lọ́wọ́ àwọn olówó tí kì í san án ju kí a di ẹrù kún ẹrù àwọn ọlọ́jà lọ. Ẹ má gbára lé owó UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, nítorí ilé kíkọ́, ohun èlò ìkọ́ni àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló wà fún.

Ẹ ya ọ̀rọ̀ olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sọ́tọ̀, torí owó ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n fi ń san owó oṣù wọn. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà náà dé ọwọ́ aṣòfin yín ní Lọ́kọ́ja kí wọ́n tó fọwọ́ sí ètò ìṣúná.