Bí A Ṣe Ń Ṣètò Ìdíje Whot Láàárín Ọ̀jáfáfá Àti Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Ọ

Ẹ wá ènìyàn mẹ́sàn-án, kí ẹ kọ nọ́ńbà wọn sínú ìwé ní ìlà mẹ́ta: 1, 2, 3 lókè, 4, 5, 6 láàárín, 7, 8, 9 nísàlẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, àwọn tó wà lórí ìlà kan náà ni yóò jọ jókòó sídìí tábìlì kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn tó wà lábẹ́ ara wọn, bíi 1, 4, 7. Ọ̀sẹ̀ kẹta yóò jẹ́ 1, 5, 9. 2, 6, 7. 3, 4, 8. Ìkẹrin yóò jẹ́ 1, 6, 8. 2, 4, 9. 3, 5, 7. Báyìí ni olúkúlùkù yóò ṣe bá gbogbo àwọn yòókù pàdé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní Òṣogbo níhìn-ín, bí ènìyàn bá kúrò ní àdúgbò kan bọ́ sí òmíràn, òfin Whot lè ti yí padà: àwọn kan gbà kí ẹni tí wọ́n fi 2 lù fi 2 mìíràn gbèjà ara rẹ̀, àwọn mìíràn kò gbà. Ẹ kọ èyí tí ẹ bá fara mọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó pín káàdì. Mẹ́fà-mẹ́fà ni kí ẹ pín, kí ẹ ta eré mẹ́wàá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tán gba òdo. Àwọn yòókù yóò ṣírò ohun tó kù lọ́wọ́ wọn, ìràwọ̀ ní ìlọ́po méjì, Whot ní 20. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá kéré jù ló ń ṣíwájú. Káàdì gbọ́dọ̀ pé 54. Bí ọ̀kan bá sọnù, ẹ má ṣe gé páálí dípò rẹ̀, nítorí ọwọ́ yóò dá a mọ̀; páákì méjì tí ẹ̀yìn wọn bára mu ni mo máa ń rà, kí èkejì lè máa dí àlàfo èkíní.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba ìdíje jẹ́ ni ẹrù, ìyẹn máàkì tí a ń fi kún ti ọ̀jáfáfá kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ má baà wá jókòó lásán. Nígbà àkọ́kọ́ tí a ṣe é ní Òkè-Baálẹ̀, ẹnu ni a fi pín ẹrù. Ojú ń tì wá láti di ẹrù lé bàbá kan tó dàgbà jù wá lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ta tó o. Kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó pé, ọmọ mẹ́ta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kò wá mọ́, ó sì dùn mí gan-an.

Ìwé ni kí ó pín ẹrù. Ẹ fi alẹ́ méjì dánra wò, kí olúkúlùkù ta eré 20, kí ẹ fi 20 pín àpapọ̀ máàkì rẹ̀. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù bá ní 8, tí ẹni tó kẹ́yìn ní 20, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 12. Ẹ mú ìdajì, kí ẹ fi 6 kún máàkì ọ̀gá nínú gbogbo eré, títí kan èyí tó bá jẹ. Ẹni tó kẹ́yìn kò ru nǹkan kan. Ẹ má ṣe mú gbogbo 12, nítorí ìmọ̀ tí ọ̀gá ti fi ọdún púpọ̀ kó jọ yóò di òfo, kò sì ní sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti kọ́ eré náà dáadáa.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń fi ọgbọ́n pamọ́ ní alẹ́ ìdánrawò, tó di Whot méjì mú títí eré fi parí kí ẹrù rẹ̀ lè fúyẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń tún ìṣirò ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti inú eré 20 tó kẹ́yìn. A lè fi kún ẹrù. A kì í dín in kù kí ìdíje tó parí.

Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn agogo mẹ́rin ló dára jù, ṣùgbọ́n ẹ fo ọ̀sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù Ògọ́ọ̀sì, nítorí àlejò yóò kún ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bíírò pupa ni mo fi ń kọ ẹrù, ti aláwọ̀ búlúù fún máàkì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà nídìí tábìlì yóò sì fọwọ́ sí i kí wọ́n tó dìde. Bí ẹni méjì bá dọ́gba ní ìparí, èyí tó kọ́kọ́ tán nínú eré tó pọ̀ jù ló borí.