Bí a ṣe lè ṣètò owó fún ọdún àkọ́kọ́ ọmọ ajá

Ní Ìlọrin àti ní àwọn ìlú bí Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, ẹlòmíràn a máa rí ọmọ ajá ìbílẹ̀ gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ aládùúgbò, síbẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára àti oògùn aràn tí ajá yẹn nílò kò yàtọ̀ sí ti èyí tí a ra lówó gọbọi. Ìnáwó ọdún àkọ́kọ́ kì í sì í rìn lọ́gbọọgba. Kí ajá tó pé oṣù márùn-ún ni ọ̀pọ̀ owó ìwòsàn ti ń jáde, lẹ́yìn náà ni oúnjẹ máa ń gba ipò iwájú. Ẹni tó bá pín owó ọdún sí ọ̀nà méjìlá dọ́gbadọ́gba yóò rí i pé owó kò ní tó lásìkò tó yẹ kó tó.

Orí àjẹsára ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí kò ṣeé sún síwájú. Nígbà tí ọmọ ajá bá pé ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni a ń gún un ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, a ó sì máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 síra títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi ń wọlé ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Kí ẹ tó gbé e wálé, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìlọrin tàbí sọ́dọ̀ dókítà ẹranko tó sún mọ́ yín, kí ẹ béèrè iye abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀.

Bí ẹni tó ń ta ajá bá ní òun ti gún un, ẹ ní kó mú káàdì wá. Ọjọ́ tí wọ́n gún un àti ìbuwọ́lùwé dókítà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìwé pélébé tí wọ́n ṣí lára ìgò abẹ́rẹ́ tí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ káàdì. Bí kò bá sí, ẹ kà á sí ajá tí a kò gún rí, kí ẹ sì ṣètò gbogbo owó àjẹsára. N kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ra abẹ́rẹ́ kó gún un fúnra rẹ̀ nílé nítorí kí owó lè dín. Inú òtútù ni oògùn yìí gbọ́dọ̀ wà títí di ìgbà tí a ó lò ó, èyí tí ooru bá sì ti bà jẹ́ kò ní dáàbò bo ajá kankan. Àrùn parvo ń bẹ níta: ọmọ ajá tó bá kó o a máa bì, a máa ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, omi ara rẹ̀ a sì gbẹ kíákíá. Ó lè lo ọjọ́ púpọ̀ lórí omi tí wọ́n ń fà sí i lára, owó rẹ̀ a ju ti gbogbo abẹ́rẹ́ lọ fíìfíì, ó sì tún lè kú.

Oògùn aràn kò wọ́n. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni títí yóò fi pé oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà oṣooṣù títí di oṣù kẹfà. Èyí tí àwọn ènìyàn ń gbàgbé ni oògùn eégbọn, pàápàá nígbà òjò, bẹ́ẹ̀ eégbọn ń fa àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń sọ erìgì ajá di funfun.

Ní ti oúnjẹ, ọ̀nà wà láti dín owó kù. Oúnjẹ ajá inú àpò dára, ṣùgbọ́n ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a lè fi ẹja ṣáwà tàbí ìfun àti ẹ̀dọ̀ màlúù láti Ọjà Ìpáta se tùwó tàbí ìrẹsì fún un. Tùwó nìkan kò lè tọ́ ọmọ ajá dàgbà. Ẹ fi kóńgò wọn ohun tó jẹ lọ́sẹ̀ kan, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ ẹ má ṣe fi ti oṣù kejì ṣírò ọdún, nítorí ajá ńlá tó ti pé oṣù mẹ́jọ yóò jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń sin irú rẹ̀ tó ti dàgbà, kí ẹ sì tẹ̀ lé iye tó bá sọ. Àjẹkù ọbẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà ìfowópamọ́: alùbọ́sà inú rẹ̀ ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, egungun adìyẹ sísè sì lè gún un ní ìfun.

Irú ajá tí ẹ yàn náà lówó nínú. Irú ajá ńlá onírun púpọ̀ tí wọ́n ń pè ní Caucasian ń jìyà gan-an nínú ooru oṣù Ẹrẹ́nà níbí, oúnjẹ rẹ̀ sì pọ̀; ajá ìbílẹ̀ ni mo fọwọ́ sí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ilé ajá pẹ̀lú sínú ìṣirò. Nínú agbo ilé ní Ìlọrin, níbi tí àwọn àgbà ti ń ṣe àlùwàlá ní àgbàlá, ó yẹ kí ilé náà jìnnà síbẹ̀ kó sì ní ilẹ̀kùn tó ń tì, kí ẹnikẹ́ni má baà bínú.

Ẹ ya owó àìsàn sọ́tọ̀. Ẹni tó ń dá àjọ ₦500 lójúmọ́ yóò kó ₦14,500 lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, bí alájọ bá ti mú ti ọjọ́ kan. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta kí ajá tó dé, ₦43,500 ti wà nílẹ̀. Láti oṣù kẹfà ni abo ajá lè bẹ̀rẹ̀ sí í gba akọ, nítorí náà ẹ ti béèrè iye iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó lóyún, tàbí iye tí wọ́n ń gbà láti tẹ akọ lọ́dàá. Nígbà tí ọdún bá sì yí po, a ó tún gún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi àti ti àwọn àrùn yòókù, nítorí náà ẹ má ṣe fi àjọ oṣù kejìlá ra nǹkan mìíràn.