Ford Edge àti Explorer tòkunbọ̀: ìbéèrè àwọn tó ní in àti àwọn tó fẹ́ rà á

Jíìpù Ford méjì la sábà máa ń rí lójú títì Èkó àti Ìbàdàn: Edge, tí wọ́n ṣe ní Oakville ní Kánádà títí di 2024, àti Explorer, tí wọ́n ń ṣe ní Chicago. Edge 2007 sí 2014 àti Explorer 2011 sí 2019 ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Ẹ́ńjìnnì 3.5 V6 ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo fẹ́ ra Edge 2011, àmọ́ gbogbo ẹni tí mo bá sọ fún ló ń pariwo pé kí n sá, pé Ford ò ní pàátì, pé Toyota ni kí n lọ rà. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ìbẹ̀rù ló pọ̀ jù. Ẹ lọ sí Ládìípọ̀, ẹ máa rí ẹ́ńjìnnì, gíà àti rédíétọ̀ Edge tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tòkunbọ̀. Ohun tó máa ń fẹ́ wá kiri ni iná iwájú, gíláàsì, àti àwọn àpótí kọ̀ǹpútà kéékèèké tó wà káàkiri inú ọkọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà ni pé Camry lè jẹ ìyà lọ́wọ́ mẹkáníìkì tí kò mọ̀ ọ́n, kó ṣì máa lọ. Ford kì í gbà á. Ọ́ìlì tí wọ́n bá ní kí ẹ lò ni kí ẹ lò, àìsàn tí gbogbo ayé sì ti mọ̀ mọ́ ọn ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó.

Fún pàátì, ẹ mọ̀ pé Lincoln MKX àti Edge jọ jẹ́ ọmọ ìyá ni, bẹ́ẹ̀ náà ni Flex àti Taurus jẹ́ ìbátan Explorer, nítorí náà ẹ lè rí ohun tí ẹ ń wá lára àwọn wọ̀nyẹn. Ẹ má fi ẹnu júwe pàátì fún ẹni tó ń tà á. Nọ́ńbà Ford máa ń pín sí mẹ́ta, tààrín ló ń sọ ohun tí pàátì náà jẹ́: 8501 ni wọ́tà pọ́ǹpù, 8005 ni rédíétọ̀, 8575 ni thermostat (tó ń díwọ̀n ìgbóná omi ẹ́ńjìnnì), 2005 ni bọ́ọ̀sítà bíréèkì (tó ń mú kí bíréèkì rọrùn láti tẹ̀), 9E926 ni throttle body (ẹnu tó ń díwọ̀n afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì). Tiwájú ló ń sọ ọdún àti ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún: 7T4 jẹ́ Edge 2007, BT4 jẹ́ Edge 2011, BB5 jẹ́ Explorer 2011. Ẹni tó bá mú pàátì tí nọ́ńbà àárín rẹ̀ kò bá tiyín mu wá, kí ó gbé e padà.

Ìbéèrè: Omi Explorer 2012 mi ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mẹkáníìkì ti pààrọ̀ ìdérí, ó pààrọ̀ hóòsì kan, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni mò ń bù sí i. Kò sì sí omi nílẹ̀ níbi tí mò ń páàkì sí. Níbo ló ń lọ?

Ìdáhùn: Wọ́tà pọ́ǹpù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, ẹ má sì fi falẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ìta ni pọ́ǹpù yìí máa ń wà tí bẹ́líìtì á máa yí i. Nínú ẹ́ńjìnnì 3.5 yìí, inú ló wà, lẹ́yìn ìdérí iwájú ẹ́ńjìnnì, ṣéènì táímìn ló sì ń yí i. (Mazda CX-9 oní-3.7 náà ní àìsàn yìí, ìdílé kan náà ni ẹ́ńjìnnì wọn.) Bí síìlì rẹ̀ bá jẹ, ọ̀nà méjì ni omi lè gbà. Àkọ́kọ́ ni ihò kékeré kan tí wọ́n lu jáde sí ẹ̀gbẹ́ alternator (ẹ̀rọ tó ń fi iná kún bátìrì) kí ẹni tó ní ọkọ̀ lè tètè rí i. Ìkejì ni inú ọ́ìlì, ibẹ̀ sì ni ikú ẹ́ńjìnnì wà, torí ọ́ìlì tí omi bá ti wọ̀ kì í dáàbò bo irin mọ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní àárọ̀ kí ẹ tó sítáàtì. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn àti abẹ́ alternator: bí ẹ bá rí èérún tó ti gbẹ, funfun tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú, omi ti ń gba ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì yọ. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, tàbí tí ọ́ìlì ga ju àmì òkè lọ láìjẹ́ pé ẹnì kan bu kún un, ẹ má sítáàtì ọkọ̀ náà mọ́, ẹ fi ọkọ̀ míì gbé e lọ. Ìfófòó díẹ̀ lábẹ́ ìdérí ọ́ìlì nìkan kò tó láti dájọ́, ooru àti ìrìn kúkúrú lè fà á. Ọ̀pá ìwọn ni kí ẹ gbà gbọ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sán kan. Wọ́n máa gbé ẹ́ńjìnnì kọ́, wọ́n á sì tú ìdérí iwájú. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti dé ibẹ̀, ẹ ra gbogbo rẹ̀ pa pọ̀: pọ́ǹpù àti gáskẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ṣéènì, àwọn atọ́nà rẹ̀ àti ohun tó ń fà á le, síìlì iwájú, gáskẹ́ẹ̀tì òkè. Ẹni tó bá ní pọ́ǹpù nìkan lòun máa pààrọ̀ ń dá yín padà sídìí iṣẹ́ kan náà ni. Kí ẹ sì béèrè bóyá ó mọ bí wọ́n ṣe ń to àmì táímìn. Òrùka ṣéènì tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sójú àmì. Tí omi bá ti wọ ọ́ìlì, ọ́ìlì ẹ̀ẹ̀kan kò tó: ẹ bu ọ́ìlì àkọ́kọ́ sí i, kó ṣiṣẹ́ díẹ̀ láìgbé e lọ ọ̀nà jíjìn, ẹ dà á nù, ẹ pààrọ̀ fílítà, kí ẹ tó bu èyí tí ẹ fẹ́ máa lò.

5W-20 ni ọ́ìlì rẹ̀, lítà 5.7 fún Explorer, lítà 5.2 fún Edge 2007 sí 2010. 20W-50 tí wọ́n ń bù sí gbogbo ọkọ̀ kọ́ o. Ọ́ìlì ló ń yí kamṣáàfù síwá sẹ́yìn nínú ẹ́ńjìnnì yìí, ó sì ń gba àwọn ihò tín-ín-rín kọjá. Èyí tó bá ki kì í tètè dé ibẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì máa pariwo láàárọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má gbà kí wọ́n yọ thermostat dànù pé “Nàìjíríà gbóná”. Kọ̀ǹpútà ń retí ìgbóná kan pàtó. Bí kò bá rí i, á tan iná ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú kóòdù P0128, ọkọ̀ á sì máa mu epo ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìbéèrè: Edge 2008 mi ń lọ síwájú, àmọ́ tí mo bá fi sí R ó máa ń rò ó kó tó lọ, nígbà míì kì í lọ rárá. Tó bá sì fẹ́ wọ 3, ẹ́ńjìnnì á kàn ké sókè. Wọ́n ní kí n yí ọ́ìlì gíà. Ṣé kí n ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ fowó yín pamọ́. Nínú gíà 6F50 tó wà lára ọkọ̀ yín, kílọ́ọ̀ṣì kan náà ló ń bójú tó 3, 5 àti R. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń ṣe ségesège pa pọ̀, tí 1, 2, 4 àti 6 sì dára, irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ṣe wọ́kọwọ̀kọ sínú kílọ́ọ̀ṣì náà ló ti kán. Ọ́ìlì tuntun ò lè so irin tó kán pọ̀. Ẹ gbé gíà sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n tú u kí èérún irin tó ba ìyókù jẹ́, tàbí kí ẹ wá gíà tòkunbọ̀. Bí ẹ bá máa ra gíà, ẹ kọ́kọ́ wo VIN yín (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀): 2FMDK3 ni oníwájú nìkan, 2FMDK4 ni èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Gíà ọ̀kan kò bá ìkejì mu.

Ti ẹni tí gíà rẹ̀ kàn ń ta síwájú nígbà tó bá ń wọlé, pàápàá tó bá ti gbóná, yàtọ̀. Ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì gíà kúkúrú kan wà nísàlẹ̀ ilé fílítà afẹ́fẹ́; ẹ wò ó lórí ilẹ̀ títẹ́jú, tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tó sì ti gbóná dáadáa. Tó bá ti dúdú, ẹ ṣí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, bíi lítà 4 sí 5 ló máa jáde. Ẹ bu iye tó jáde padà, ẹ wà á fún ọjọ́ díẹ̀, ẹ tún ṣe é, ó di ìgbà mẹ́ta. Mercon LV ni, kì í ṣe ọ́ìlì gíà èyíkéyìí tó bá ṣáà ti pupa.

Ìbéèrè: Iná kékeré bíi sípánà, yẹ́lò, ń tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Tó bá ti tàn, mo lè tẹ accelerator títí, ọkọ̀ ò ní sáré. Mo bá pa á, mo tún sítáàtì, ó lọ. Ọjọ́ kejì, ó tún ṣe é lórí Third Mainland.

Ìdáhùn: Throttle body ló sábà máa ń jẹ́. Kọ̀ǹpútà ò gbà á gbọ́ mọ́, ló ṣe fún ọkọ̀ ní agbára díẹ̀ kí ẹ lè rọra kúrò lọ́nà. Ẹ ka kóòdù kí ẹ tó pa iná náà: P2111 tàbí P2112 ló máa ń hàn. Kí ẹ tó ra tuntun, ẹ yẹ bátìrì àti wáyà tó lọ sí ara irin wò, bátìrì tó ti rẹ̀ lè ṣe irú eléyìí. Fífọ̀ ọ́ pẹ̀lú kẹ́míkà lè mú un rọlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, àmọ́ mọ́tò kékeré inú rẹ̀ ló ń kú, kì í ṣe ìdọ̀tí.

Àwọn ẹ̀rọ scan olówó pọ́ọ́kú kì í ka gbogbo kọ̀ǹpútà inú Ford. FORScan, áàpù tí wọ́n fi ń ka kọ̀ǹpútà Ford, ni kí ẹ wá, pẹ̀lú adapter ELM327 tó lè ka HS-CAN àti MS-CAN, ìyẹn ọ̀nà wáyà méjì tí àwọn kọ̀ǹpútà náà ń gbà bára wọn sọ̀rọ̀. Rewáyà tí kò ní in yóò máa méfò ni.

Ìbéèrè: Bíréèkì Edge mi ti le, mo sì ń gbọ́ “ṣííí” lábẹ́ ẹsẹ̀ mi nígbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti pààrọ̀ páàdì iwájú àti ẹ̀yìn.

Ìdáhùn: Páàdì kì í ké “ṣííí”. Rọ́bà inú bọ́ọ̀sítà ló ti ya, afẹ́fẹ́ ń wọlé. Edge àwọn ọdún yìí mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ dán an wò: ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹ́rin márùn-ún títí á fi le, ẹ gbé ẹsẹ̀ lé e, kí ẹ wá sítáàtì. Ó yẹ kó rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Bí kò bá mira, ẹ pààrọ̀ bọ́ọ̀sítà kí ẹ tó tún gbé ọkọ̀ jáde. Ẹni tó bá ra Edge 2015 sí 2018, hóòsì bíréèkì iwájú ni kó wò. Ford ti pe àwọn ọkọ̀ yẹn padà fún àtúnṣe ní 2020 torí pé hóòsì náà lè bẹ́.

Ìbéèrè: Fọ́kànáísà ò rí sípánà tó wọ nọ́ọ̀tì táyà Explorer mi. Èyí kéré, èyí tó tẹ̀ lé e tóbi jù.

Ìdáhùn: Ìpẹ́ dídán tí wọ́n fi bo nọ́ọ̀tì náà ló ti wú, ìpatà ti wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fi òòlù gbá sọ́kẹ́ẹ̀tì wọ̀ ọ́, kó tú gbogbo wọn, kí ẹ sì ra nọ́ọ̀tì olódindi irin tí kò ní ìpẹ́. Ẹ ṣe é nílé, kí ó má jẹ́ lójú ọ̀nà Ìbàdàn lóru.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, èwo ni kí n rà nínú Explorer: èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà ni àbí oníwájú? Wọ́n tún ń fi Edge EcoBoost (ẹ́ńjìnnì oní-turbo ti Ford) lọ̀ mí.

Ìdáhùn: Oníwájú. Ìrìn inú ìlú ò béèrè táyà mẹ́rin. VIN tó bá ní 5K7 (tàbí HK7 fún 2011 àti 2012) ni oníwájú, K8 ni mẹ́rin. Oní-mẹ́rin ní àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà, wọ́n ń pè é ní PTU, bíi ìdajì lítà ọ́ìlì 75W-140 péré ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ èéfín gbígbóná ló sì jókòó sí. Ọ́ìlì náà á jóná di ọ̀dà, síìlì á sì jò. Bí ẹ bá ti rà á, ẹ máa fà á jáde kí ẹ sì bu tuntun ní gbogbo kìlómítà 50,000, bí ìwé tiẹ̀ sọ pé kò nílò rẹ̀.

EcoBoost 2.0 ti Edge 2015 sí 2018, ẹ fi sílẹ̀. Omi máa ń gba àárín sìlíńdà wọlé, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n láàárọ̀, èéfín funfun á máa jáde, bọ́lọ́ọ̀kù tuntun sì ni òògùn rẹ̀. 3.5 V6 wà títí di 2018, òun ni kí ẹ béèrè. Bó bá jẹ́ Focus tàbí Fiesta 2012 sí 2016 aláìfọwọ́yí ni wọ́n fi lọ̀ yín, ẹ má dúró gbọ́ iye tó jẹ́. Gíà PowerShift wọn ló gbé Ford dé kóòtù ní Amẹ́ríkà.

Kí ẹ tó sanwó Explorer, ẹ tẹ VIN onínọ́ńbà 17 sórí nhtsa.gov/recalls. 2011 sí 2017 ní ìpè padà lórí irin kan tó di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú, tó lè kán lórí eré. Ẹ dọ̀bálẹ̀ wò ó fúnra yín.

Ìbéèrè: Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló bá tèmi wá. Ṣé mo lè fi kún un fúnra mi?

Ìdáhùn: Pẹ̀lú ẹyọ kan, rárá. Oníkọ́kọ́rọ́ tó ní ẹ̀rọ rẹ̀ tàbí FORScan ló lè ṣe ìkejì, ó sì máa dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ọkọ̀ tó gbà á wọlé. Tí ẹ bá ti ní méjì tó ń ṣiṣẹ́, ìkẹta rọrùn, bó bá jẹ́ kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ń yí ni. Ẹ yí àkọ́kọ́ sí ON fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 3, ẹ pa á, ẹ yọ ọ́. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹ ṣe ìkejì bẹ́ẹ̀. Láàárín 20, ẹ ki tuntun bọ̀ ọ́, ẹ yí i sí ON. Bí iná olè tó wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù bá tàn fún ìṣẹ́jú àáyá 3 tó sì kú, ó ti gbà á.