Bí mo ṣe fi owó ṣòfò kí n tó rí omi mímu àwọn àgbà wa tọ́jú pamọ́

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga wa fi dákẹ́, nílé ìtọ́jú àwọn àgbà tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Abẹ́òkúta níbí. Píọ̀ wọ́tà la rà títí ó fi kan owó oúnjẹ. Kànga kejì kò ṣe é gbẹ́, ẹni tó bá ti gbẹ́lẹ̀ nílùú wa mọ̀ pé àpáta ló máa bá pàdé. Ni mo bá ní a máa tọ́jú omi mímu pamọ́.

Ìṣirò kò le: lítà 4 fún ẹnì kan lóòjọ́, fún ọjọ́ 3. Àgbà 14, òṣìṣẹ́ 4, lítà 216 nìyẹn. Ẹ má dín in kù o, nítorí òùngbẹ máa ń gbẹ àgbà láìjẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n lára.

Ibi tí mo ti jìn sí kòtò nìyí. Mo ra dúrọ́ọ̀mù oníke búlúù méjì, àlòkù, ₦28,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin tó tà á búra pé òróró ni wọ́n fi gbé. “Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ fi imú gbọ́ ọ.” Òórùn ọṣẹ ni mo gbọ́, mo sì rò pé ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ ni.

Táńkà já omi sí i. Màmá kan gbé kọ́ọ̀pù dé imú, ó gbé e padà fún mi: “Ọmọ mi, omi yìí kò ṣe é mu.” A dà gbogbo rẹ̀ nù, owó táńkà bá a lọ. A fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, a fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, a sá a sóòrùn ọjọ́ mẹ́ta. Tí a bá ṣí ìdérí láàárọ̀, òórùn yẹn á tún yọ. Nígbà tí a dojú ọ̀kan délẹ̀ ni mo rí bébà tó ti bó kù nídìí rẹ̀: àwòrán ọwọ́ kan, nǹkan ń kán sí i, ó ń jẹ ẹ́. Kẹ́míkà! Ike ti mu ún wọra, kò sí ọṣẹ tó lè fọ ìyẹn jáde. Àwọn àgbà ni mo fẹ́ fún mu!

Kẹ́ẹ̀gì tuntun 9, onílítà 25, tó ṣe é fi oúnjẹ sí, ni mo padà rà. Ẹnu wọn há, kò sẹ́ni tó máa ki kọ́ọ̀pù bọ̀ ọ́. Bílíìṣì la fi ń pa kòkòrò inú omi náà. Ẹ ka ara ìgò rẹ̀ dáadáa: èyí tí kò ní lọ́fínńdà, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 sí 6 nínú 100, ẹ̀kán 2 sí lítà kan, kí ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹnikẹ́ni tó mu ún. Èyí tí agbára rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, iye yẹn kò ní ká a. A kọ ọjọ́ sí kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan, oṣù mẹ́fà-mẹ́fà la ń pààrọ̀ omi rẹ̀, a sì kó wọn sínú yàrá tí oòrùn kò dé, tó jìnnà sí bẹntiróòlù jẹnẹrétọ̀.

Ẹ̀rọ tún dákẹ́ lẹ́yìn náà, ọjọ́ méjì, kò sí àgbà kan tó mọ̀. Dúrọ́ọ̀mù búlúù méjèèjì ṣì wà lẹ́yìn ilé. Mo fi ọ̀dà pupa kọ “KÌ Í ṢE FÚN MÍMU” sí wọn lára. Omi tí a fi ń ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀ la ń dà sínú wọn.