Ẹsẹ̀ Tó Ń Dunni Bí A Bá Ń Rìn: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé

Bí ẹran ẹ̀yìn ojúgun yín bá ń fún pinpin kí ẹ tó dé oko, tí ẹ dúró díẹ̀ tí ìrora náà lọ, tó sì tún dé nígbà tí ẹ rìn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ má yára pè é ní làkúrègbé. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rá ti lẹ̀ mọ́ inú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀, bí iyanrìn ṣe ń dí ojú omi. Sìgá, àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ló sábà ń fà á. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n lè wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní apá àti ní kókósẹ̀, kí wọ́n fi méjèèjì wéra.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń jókòó sílé bí ẹsẹ̀ bá ti ń dùn wọ́n, tí àwọn ọmọ á gba gbogbo iṣẹ́ ṣe. Àánú ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe, àmọ́ ìjókòó yẹn ń mú kí ẹsẹ̀ túbọ̀ lẹ ni. Ìrìn gan-an ni ìtọ́jú. Bí dókítà bá ti yẹ̀ yín wò, tó sì gbà, ẹ rìn títí ìrora á fi mú yín dáadáa, kí ẹ dúró títí á fi lọ tán, kí ẹ tún rìn. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí dé 45 tàbí 60, ó kéré tán ìgbà 3 lọ́sẹ̀. Ẹ ní sùúrù tó ọ̀sẹ̀ 12 kí ẹ tó sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ìrora yẹn kò ba ẹsẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n bí àyà bá dùn yín, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ lọ rí dókítà. Ebè kíkọ kò lè rọ́pò ìrìn yìí, torí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sídìí ebè kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn.

Oúnjẹ rẹ̀ wà lóko yín. Ẹ jẹ́ kí tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ tàbí ewédú pọ̀ ju òkèlè lọ. Ẹ máa jẹ ẹ̀wà, kí ẹ fi ẹja rọ́pò ẹran ọlọ́ràá. Ìwọ̀nba ni kí epo pupa jẹ́. Epo tí wọ́n ti fi dín àkàrà léraléra, ẹ dà á nù. Iyọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ṣíbí ìmutíì kan lọ fún ẹnì kan lóòjọ́, ti inú Maggi náà wà nínú rẹ̀. Sìgá àti aṣáà, ẹ jáwọ́ pátápátá.

Lálaalẹ́, ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe wọ oko láìwọ bàtà. Ẹ má fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀, ẹ má sì nà án sí iná, torí ó lè jóni láìmọ̀. Ọgbẹ́ tí kò jinná, ìka tó ń dúdú, tàbí ìrora tí kì í jẹ́ kẹ́ ẹ sùn lóru, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ẹsẹ̀ kan bá ṣàdédé tutù, tó funfun, tó sì kú tipiri, ẹ má fi ìpara ra á, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Ní wákàtí yẹn gan-an ni kí wọ́n gbé yín lọ.