Bí Ẹ̀rọ Bá Kọ̀ Láti Jí Lẹ́yìn Update: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Onílé

Fóònù tó dúró sórí lógò lẹ́yìn update, ìyẹn ètò tuntun tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fi ránṣẹ́ sínú rẹ̀, kì í sábà jẹ́ òkú. Púpọ̀ nínú wọn ṣì ní ẹ̀mí nígbà tí wọ́n dé ọwọ́ oníṣẹ́ fóònù. Ìkánjú ló máa ń parí iṣẹ́ náà: ẹni tó ni ín pa á níbi tó ti ń kọ nǹkan sínú ara rẹ̀, tàbí wọ́n nu gbogbo inú rẹ̀ kí wọ́n tó dán ohun tó rọrùn wò, tàbí oníṣẹ́ kọ fáìlì fóònù ẹlòmíràn sínú rẹ̀. A kọ ìwé yìí fún ẹni tó jẹ́ pé inú fóònù rẹ̀ ni ìwé owó kòkó, àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àti báńkì rẹ̀ wà pọ̀. Ọ̀rọ̀ fóònù ló máa pọ̀ jù níbí, nítorí òun ló wà lọ́wọ́ gbogbo wa, kí a tó kan ráútà, tẹlifíṣọ̀n àti dikódà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ

Lábẹ́ gbogbo ohun tí ẹ ń rí lójú fóònù, ètò kan wà tó ń jí ẹ̀rọ náà, tó sì ń sọ fún un bí yóò ṣe lo bátìrì, ojú rẹ̀ àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Firmware ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà máa ń fi tuntun ránṣẹ́ lóòrèkóòrè, láti dí ihò tí olè lè gbà wọlé tàbí láti tún ohun tó wọ́ ṣe.

Fóònù àtijọ́ máa ń kọ tuntun lé ti tẹ́lẹ̀ lórí gan-an ni. Bí bátìrì bá kú láàárín iṣẹ́, ó di ilé tí wọ́n ti ṣí páànù rẹ̀ kúrò, tí òjò dé kí wọ́n tó kan òmíràn. Láti Android 7, tó jáde lọ́dún 2016, ni ọ̀nà tó sàn jù ti wà: fóònù ní àyè méjì, ó ń kọ tuntun sínú àyè kejì nígbà tí ẹ ṣì ń lo ti àkọ́kọ́, ìgbà tí ẹ bá pa á tí ẹ tún un tàn ni yóò tó bọ́ sínú tuntun. Bí tuntun bá kọ̀ tí kò jí, fóònù á padà sínú ti tẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo fóònù ló ní àyè méjì yìí. Ìdí nìyẹn tí ti aládùúgbò yín fi lè sọ pé update kùnà, kó sì máa ṣiṣẹ́ lọ, tí tiyín á sì dá sórí lógò.

Kí ẹ tó gbà á

Ohun tó ń da update rú jù lọ́dọ̀ wa ni iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n ewu wọn kò dọ́gba. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já níbi tí fóònù ti ń gba fáìlì wálẹ̀, kò sí wàhálà. Á tẹ̀síwájú tàbí kó tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó bá ń kọ fáìlì náà sínú ara rẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ wà lọ́wọ́ iná. Nítorí náà, ẹ má gbọ́kàn lé NEPA. Ẹ jẹ́ kí bátìrì kún, kí ẹ sì fi fóònù sẹ́nu ṣájà tàbí páwábáńkì títí iṣẹ́ yóò fi parí. Bí ó bá ní bátìrì òun kò tó, ẹ gbọ́ tirẹ̀.

Àyè ìkópamọ́ inú fóònù náà ṣe pàtàkì. Update tó gbé fóònù láti Android kan bọ́ sí òmíràn sábà máa ń ju gígábáìtì kan lọ, ó sì tún fẹ́ àyè tí yóò fi ṣiṣẹ́. Fídíò àwàdà àti káàdì “ẹ káàárọ̀, Jésù fẹ́ràn yín” inú WhatsApp ló sábà ń jẹ àyè yẹn tán. Ẹ pa wọ́n rẹ́ láìṣàánú. Ẹni tó fi wọ́n ránṣẹ́ á fi òmíràn ránṣẹ́ lọ́la.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kó ẹrù yín sí ibòmíràn. Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà àwọn oníbàárà wà lórí àkáǹtì Google, kì í ṣe inú fóònù nìkan. Ẹ ṣe backup WhatsApp, ní Settings, lábẹ́ Chats. Àwòrán ìwé ìwọ̀n kòkó, rìsíìtì ajílẹ̀ àti ìwé ilẹ̀, ẹ kó wọn sórí mẹ́mórì káàdì tàbí kọ̀ǹpútà ọmọ yín. Kí ẹ sì rí i dájú pé ẹ mọ email àti password Google tó wà lórí fóònù náà. Ọ̀pọ̀ ìyá àti bàbá ló jẹ́ pé ọmọ tó ta fóònù fún wọn ló bá wọn ṣí àkáǹtì yìí lójú ẹsẹ̀, wọn ò mọ password náà títí dòní. Ọjọ́ tí wàhálà bá dé, òun gan-an ni fóònù máa béèrè.

Ó ní òun kò lè ṣe é, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́

Èyí ló rọrùn jù. Ẹ wo àyè, ẹ wo déètì àti aago fóònù: bí déètì bá ti sáré sẹ́yìn, fóònù kò ní lè fìdí ẹ múlẹ̀ pé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ni òun ń bá sọ̀rọ̀, yóò sì kọ̀. Ẹ pa á, ẹ tún un tàn, kí ẹ gbìyànjú lórí Wi-Fi tàbí hotspot ẹlòmíràn. Kò sí ìdí láti gbé irú fóònù báyìí lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ kankan.

Ó dúró sórí lógò

Ẹ kọ́kọ́ dúró. Ìgbà àkọ́kọ́ tí fóònù bá tàn lẹ́yìn update ńlá, ó ń tún àwọn áàpù inú rẹ̀ tò, ó sì lè pẹ́ gan-an. Ẹ fi sẹ́nu ṣájà, kí ẹ fún un ní bí ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bí ara rẹ̀ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò burú.

Bí kò bá yí padà, ẹ fipá tún un tàn. Lórí ọ̀pọ̀ Android, ẹ di bọ́tìnnì páwà mú fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 30. Lórí Samsung, páwà àti fọ́lúùmù ìsàlẹ̀ pọ̀, ju ìṣẹ́jú-àáyá 7 lọ. Èyí kì í nu nǹkan kan nù. Bó bá tún dúró sójú kan náà, ẹ yọ síìmù àti mẹ́mórì káàdì kí ẹ tó dán an wò lẹ́ẹ̀kejì, torí káàdì tó ti bàjẹ́ lè dá a dúró lójú ọ̀nà.

Bí ó bá ń tàn, tó ń kú, tó tún ń tàn, ibi tí ẹ ń lọ ni recovery, ojú àtúnṣe tó wà nínú fóònù fúnra rẹ̀. Ẹ pa fóònù, kí ẹ di páwà àti fọ́lúùmù òkè mú pọ̀ títí àwọn ìlà ọ̀rọ̀ kéékèèké yóò fi jáde. Lórí Pixel, fọ́lúùmù ìsàlẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ dì mú, kí ẹ tó yan recovery nínú ohun tó bá jáde. Samsung tuntun sábà máa ń fẹ́ kí okùn USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kó tó gbà. Bí ẹ bá rí róbọ́ọ̀tì kékeré tó dùbúlẹ̀ pẹ̀lú “No command”, ẹ má bẹ̀rù: ẹ di páwà mú, ẹ tẹ fọ́lúùmù òkè lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi méjèèjì sílẹ̀. Fọ́lúùmù ni ẹ ó fi máa rìn lórí ìlà, páwà ni ẹ ó fi yàn.

Ẹ yan “Reboot system now” lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà mìíràn ìyẹn nìkan ti tó. Bí kò bá tó, “Wipe cache partition” ló kàn, tó bá wà níbẹ̀: ìdọ̀tí ìgbà díẹ̀ ló ń gbá, kò fọwọ́ kan àwòrán tàbí nọ́ńbà yín. Bákan náà, “Apply update from ADB” máa ń jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n lo kọ̀ǹpútà láti tún update náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, láìnu ẹrù yín nù, bí ilé-iṣẹ́ bá ti gbé fáìlì náà síta.

“Wipe data/factory reset” ni kí ẹ sá fún títí gbogbo ìyókù yóò fi tán. Ó ń nu gbogbo ohun tí ẹ fi síbẹ̀. Inú àwọn fóònù òde òní sì ti wà lábẹ́ àgádágodo: bí wọ́n bá ti nu ún, àwòrán tí ẹ kò kó pamọ́ kò ní padà, ẹni tó bá sì ní òun lè bá yín gbà á padà, owó yín ló ń wá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni fóònù yóò béèrè àkáǹtì Google tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ààbò tó ti wà láti Android 5.1 nítorí àwọn olè. Ẹni tí kò mọ password tirẹ̀ á wá rí i pé fóònù ń fi ojú olè wo òun.

iPhone

iPhone náà ní recovery tirẹ̀, ó sì nílò kọ̀ǹpútà tó ní iTunes tàbí Apple Devices, tàbí Mac. Lórí iPhone 8 sókè, ẹ so okùn mọ́ ọn, ẹ tẹ fọ́lúùmù òkè kí ẹ fi sílẹ̀ kíá, ẹ tẹ ti ìsàlẹ̀ kí ẹ fi sílẹ̀ kíá, kí ẹ wá di bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ mú títí àwòrán okùn àti kọ̀ǹpútà yóò fi hàn. Kọ̀ǹpútà á bi yín bóyá Update ni tàbí Restore. Update ni kí ẹ tẹ̀: ó ń tún ètò inú rẹ̀ kọ láìfọwọ́ kan ẹrù yín. Restore ń nu gbogbo rẹ̀. Ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ti máa ń da ọ̀rọ̀ yìí rú ni pé, bí fáìlì bá pẹ́ ju ìṣẹ́jú 15 lọ kó tó wọlé, fóònù á jáde kúrò ní recovery. Kò tíì bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí fáìlì wọlé tán, kí ẹ tún tẹ bọ́tìnnì bíi ti àkọ́kọ́.

Ojú rẹ̀ dúdú pátápátá

Ẹ kọ́kọ́ fún un ní ṣájà gidi àti okùn mìíràn fún wákàtí kan, torí bátìrì tó ti gbẹ tán máa ń jọ ikú. Bí kò bá sí nǹkan kan, ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Bí kọ̀ǹpútà bá dún bí ẹni pé ohun kan wọlé, ẹ̀mí ṣì wà nínú rẹ̀, oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ lè flash ẹ̀, ìyẹn ni pé kó fi kọ̀ǹpútà tún ètò inú rẹ̀ kọ.

Ẹ kíyè sí oníṣẹ́ yẹn o. Èyí tó bá gba fóònù yín tó sọ lójú ẹsẹ̀ pé “flash ni”, láìbéèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ gbà á padà. Àwọn tó já fáfá wà ní Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà àti ní ìlú kékeré pẹ̀lú, ẹ ó sì mọ̀ wọ́n nípa ìbéèrè wọn: wọ́n á béèrè nọ́ńbà modẹ́ẹ̀lì gan-an, wọ́n á béèrè bóyá àwòrán wà níbẹ̀, wọ́n á wá fáìlì tó bá modẹ́ẹ̀lì náà mu. Fáìlì tó jọ ọ́ kò tó. Fáìlì àtijọ́, tó ti pẹ́ ju ti inú fóònù lọ, náà léwu, nítorí fóònù òde òní kan kì í gbà kí a dá òun padà sẹ́yìn, wọ́n sì lè kú síbẹ̀.

Kí ẹ tó fi fóònù èyíkéyìí sílẹ̀, ẹ kọ IMEI rẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù náà, sílẹ̀ láti ara páálí rẹ̀. Tí fóònù bá ń tàn, ẹ tẹ *#06#. Ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú ló ń lo ọpọlọ (chip) MediaTek, bí oníṣẹ́ bá sì yan “Format All” dípò kó kọ ètò nìkan, IMEI á nù pẹ̀lú, fóònù á tàn dáadáa ṣùgbọ́n kò ní gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ tẹ *#06# níwájú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ráútà, tẹlifíṣọ̀n, dikódà

Ráútà ni ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún jù nínú àwọn wọ̀nyí. Orí Wi-Fi kọ́ ni ẹ ti ń ṣe update rẹ̀ láti kọ̀ǹpútà. Okùn ni ẹ ó lò. Ẹ yí i dà, ẹ ka ìdí rẹ̀: orúkọ kan náà lè ní V1, V2 àti V3, fáìlì ọ̀kan kò sì bá èkejì mu. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, àwọn kan ní ojú ìwé pàjáwìrì: ẹ di reset mú bí ẹ ti ń tan iná sí i, kí ẹ fi okùn so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, kí ẹ ṣí 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1.

Tẹlifíṣọ̀n tó bá dúró sójú kan, ẹ yọ ọ́ nínú iná fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ tún un tàn, àmọ́ kì í ṣe nígbà tí ìdá ọgọ́rùn-ún ṣì ń lọ sókè lójú rẹ̀. Dikódà tó ń gba update láti ojú sátẹ́láìtì kò ní gbà á dáadáa lọ́jọ́ tí òjò bá ṣú dùdù tàbí tí ìjì bá ti yí abọ́ orí òrùlé. Ẹ tún abọ́ náà ṣe kí ẹ tó dá dikódà lẹ́bi. Ti inverter sólà, ẹni tó bá yín gbé e ni kí ẹ pè.

Nígbà tí ẹ̀bi kì í ṣe tiyín

Ilé-iṣẹ́ pàápàá máa ń fi update burúkú ránṣẹ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Blu-ray ti Samsung bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, tí wọ́n ń kú, tí wọ́n tún ń tàn, ilé-iṣẹ́ náà sì ní láti gbà wọ́n padà fún àtúnṣe. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, update kan sọ àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé HP OfficeJet kan di aláìlò, ojú wọn yí padà sí búlúù. Nítorí èyí ni a ṣe máa ń gba àwọn ará nímọ̀ràn pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ tọ́ update ńlá wò fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ti ààbò kéékèèké tó ń wá lóṣooṣù, ẹ má fi falẹ̀, nítorí báńkì wà lórí fóònù yẹn.

Bí àsìkò ìdánilójú ẹ̀rọ yín kò bá tíì kọjá, ẹ má jẹ́ kí oníṣẹ́ àdúgbò kankan ṣí i. Ẹ ya àwòrán ohun tó ń hàn lójú rẹ̀, ẹ mú rìsíìtì àti páálí, kí ẹ gbé e lọ sí ibi àtúnṣe ilé-iṣẹ́ náà. Carlcare ni ti Tecno, Infinix àti itel. Bí wọ́n bá ní kí ẹ sanwó fún ohun tí update tiwọn bàjẹ́, òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 wà lẹ́yìn yín, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ló sì ń gba ẹ̀sùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ lórí ìwé kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.