Ẹ Pààrọ̀ Ẹ́ńjìnì Tán, Ọkọ̀ Wá Ń Gbóná: Bí A Ṣe Ń Wá Ohun Tó Fà Á

Ẹ́ńjìnì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé ti jí, ohùn rẹ̀ dùn létí, ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Kò pé ogún ìṣẹ́jú, ọwọ́ géèjì tó ń sọ bí ẹ́ńjìnì ṣe gbóná tó ti gun òkè, omi sì ń ru gùdùgùdù nínú ike tí omi ẹ́ńjìnì wà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe níbi báyìí ni pé wọ́n á sáré lọ ra rédíétọ̀ tuntun, èyí tí omi ẹ́ńjìnì ń gbà kọjá kí ó lè tutù. Bí kò bá ṣiṣẹ́, wọ́n á yọ tàmósítáàtì, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún omi bó bá ti gbóná, sọnù. Bí ìyẹn náà kò bá ṣe é, wọ́n á ní ẹ́ńjìnì tí wọ́n rà kò dáa. Mo mọ ẹnì kan tó ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán, tó ti ń wá ẹ́ńjìnì mìíràn, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ló há sínú tọwọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti gbé e wọlé.

Àìsàn ẹ́ńjìnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé yàtọ̀ sí ti èyí tó ti ń ṣiṣẹ́ lójú kan fún ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀yin lẹ tú hóòsì, ẹ̀yin lẹ da omi nù, ẹ̀yin lẹ so wáyà. Ọwọ́ ara yín ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ṣé ó tiẹ̀ gbóná lóòótọ́?

Géèjì máa ń parọ́ lẹ́yìn irú iṣẹ́ yìí. Sẹ́ńsọ̀ (ohun tó ń mọ ooru omi) ara ẹ́ńjìnì tuntun àti géèjì inú dáṣíbọ́ọ̀dù àtijọ́ kò mọ ara wọn rí. Omi lè wà ní 85°C kí ọwọ́ géèjì ti wọ ibi pupa. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì ló ní sẹ́ńsọ̀ méjì: oníwáyà kan ló sábà máa ń bá géèjì sọ̀rọ̀, oníwáyà méjì ń bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Bí ihò wọn bá dọ́gba, ẹ yọ oníwáyà kan ti ẹ́ńjìnì àtijọ́, kí ẹ fi sára tuntun, kí òun àti géèjì rẹ̀ lè jọ máa bá ọ̀rẹ́ wọn lọ. Ẹ má fi téèpù funfun tí àwọn oníṣẹ́ páìpù omi ń lò wé e lẹ́sẹ̀. Ara irin ẹ́ńjìnì ló ti ń rí áàtì, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì, téèpù yẹn sì lè dí i lọ́wọ́.

Ẹ tan iná iwájú ọkọ̀. Bí ọwọ́ géèjì bá fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, wáyà áàtì tó so ẹ́ńjìnì mọ́ bọ́dì ni ẹ lọ wò, torí kò sí omi tó ń gbóná láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Èmi kì í gba géèjì gbọ́ kí n tó yọ ohun èlò mi tó dà bí ìbọn, èyí tí a ń nà sí nǹkan láti wọn ooru rẹ̀. Mo máa ń nà án sí ilé tàmósítáàtì. Ẹ má nà án sí álúmíníọ̀mù tó ń dán, irọ́ ni yóò pa fún yín. Ẹ lẹ téèpù dúdú díẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ wá nà án síbẹ̀. Ohunkóhun láàárín 85°C sí 105°C kì í ṣe àìsàn fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì. Ẹni tí kò bá ní irú ìbọn yìí lè lo ẹ̀rọ kékeré tí a ń kì bọ ihò ìwádìí ọkọ̀, kí ó ka ooru omi lórí fóònù rẹ̀.

Ìgbà wo ló ń gbóná?

Bébà àti bírò ni mo máa ń gbé fún ẹni tó bá gbé ọkọ̀ wá, mi ò tíì ní ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Bó bá jẹ́ pé nígbà tí ọkọ̀ dúró tàbí nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ló ń gbóná, tó sì ń tutù bí ẹ bá ti ń sáré, afẹ́fẹ́ kò kọjá lára rédíétọ̀ ni, fáànù lẹ ó wò. Bó bá jẹ́ orí eré tàbí lórí òkè ló ti ń gbóná, omi kò rìn tó, tàbí rédíétọ̀ kéré fún ẹ́ńjìnì náà. Bó bá sì jẹ́ pé ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ tan án ni, ibi yòówù kí ó wà, afẹ́fẹ́ tó há, tàmósítáàtì, tàbí tọ́ọ̀pù gáásìkẹ́ẹ̀tì (èyí tí a tẹ́ sáàárín orí ẹ́ńjìnì àti ara rẹ̀ kí omi àti èéfín má bàa dàpọ̀) ni.

Fáànù, bẹ́ẹ̀tì àti àkísà

Fáànù lè máa yí kí ó má sì ṣe iṣẹ́ kankan. Ẹni tó bá so wáyà fáànù oníná lódì ti sọ ọ́ di afọ́nfẹ́ẹ́, yóò máa ti atẹ́gùn padà síwájú, bẹ́ẹ̀ fífà ló yẹ kí ó máa fà á bó bá wà lẹ́yìn rédíétọ̀. Ẹ di abala ìwé ìròyìn kan mú níwájú rédíétọ̀: ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn fúnra rẹ̀. Bó bá fò kúrò, ẹ pààrọ̀ ipò wáyà méjèèjì. Bí fáànù kò bá tilẹ̀ yí, ẹ fi wáyà fún un ní iná tààrà láti ara bátìrì, pẹ̀lú fíúsì láàárín. Bó bá yí, rìlèé (ohun tó ń ṣí iná fún un) tàbí sẹ́ńsọ̀ tó ń pè é ni kò ṣiṣẹ́. Ẹ má wá fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ o. Ìdánwò ni.

Ike tó yí fáànù ká ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ jù nù nígbà tí ẹ́ńjìnì tuntun bá gùn ju ti àtijọ́ lọ. Láìsí i, àyíká abẹ́ fáànù nìkan ni atẹ́gùn ń gbà kọjá, igun mẹ́rin rédíétọ̀ kàn ń wòran. Ọkọ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ mi láìní i. Bí ti ilé iṣẹ́ kò bá wọlé, mo máa ń gé páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe é.

Ẹ wo ọ̀nà tí bẹ́ẹ̀tì gbà yí wọ́tà pọ́ọ̀pù, èyí tó ń ti omi kiri inú ẹ́ńjìnì. Àwọn ẹ́ńjìnì kan wà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ṣùgbọ́n tí bẹ́ẹ̀tì ọ̀kan ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ yí pọ́ọ̀pù, tí ti èkejì ń fi inú. Pọ́ọ̀pù méjèèjì á jọra bí ìbejì, apá ibi tí wọ́n ń yí sí ló yàtọ̀. Bí ẹ bá gbé ti ọ̀kan sára èkejì, omi kò ní rìn dáadáa, ẹ ó sì máa wò ó pé ó ń yí.

Àkísà ńkọ́? Ọmọṣẹ́ wa kan fi àkísà dí ẹnu páìpù omi kí ìdọ̀tí má bàa wọlé nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì wà nílẹ̀. Ó ṣe dáadáa. A gbé ẹ́ńjìnì wọlé, a de hóòsì mọ́ ọn, ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi wá ohun tó ń mú un gbóná. Láti ọjọ́ náà, àkísà pupa tó gùn, tí ìdí rẹ̀ ń fì níta, ni mò ń lò, mo sì máa ń kà wọ́n. Ẹ wo ẹnu ihò gbogbo bóyá ìdérí ike tí wọ́n fi gbé ẹ́ńjìnì náà wá ṣì wà níbẹ̀.

Tàmósítáàtì

Ẹ yọ ọ́, ẹ fi òwú so ó rọ̀ sínú ìkòkò omi, kí ó má kan ìsàlẹ̀, kí ẹ gbé e kaná. Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, bí 82 tàbí 88. Nígbà tí omi bá dé nǹkan bí ìwọ̀n yẹn ló yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í yanu. Bí omi bá ti hó tí kò tíì yanu, ẹ sọ ọ́ nù. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, apá tó ní sípíríǹgì ló ń kọjú sí ẹ́ńjìnì, ihò kékeré ara rẹ̀ sì ń wà lókè kí afẹ́fẹ́ lè gbabẹ̀ jáde.

Àwọn tó ń yọ ọ́ pátápátá, mi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n mi ò kí ń ṣe é. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, tàmósítáàtì náà ló ń pa ọ̀nà àbùjá dé nígbà tó bá yanu sí rédíétọ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, omi gbígbóná á gba àbùjá padà sínú ẹ́ńjìnì láìfojú kan rédíétọ̀ rárá.

Yíyọ afẹ́fẹ́: ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́

Ẹ jẹ́ kí n lo àkókò díẹ̀ níbí, torí ibí yìí ni mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ṣubú.

Ẹ́ńjìnì tí ẹ gbé wọlé gbẹ pátápátá. Bí ẹ ti ń da omi sí i, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń sá gòkè, ó ń lọ há sínú tọ́ọ̀pù sílíńdà, níbi tí iná ti ń jó jù. Afẹ́fẹ́ kì í gbé ooru bí omi. Ibi tó bá há sí yóò máa yan bí àgbàdo, nígbà tí sẹ́ńsọ̀ tó wà nínú afẹ́fẹ́ kan náà lè máa sọ fún yín pé ara rẹ̀ tutù. Ohun tó tún ń dá kún un ni pé lẹ́yìn pípààrọ̀ ẹ́ńjìnì, ẹnu rédíétọ̀ sábà máa ń rẹlẹ̀ ju orí ẹ́ńjìnì lọ. Ẹ lè kún un títí ó fi ṣàn sílẹ̀, òkè kò ní kún, torí omi kì í fúnra rẹ̀ gun òkè.

Ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ tutù dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìdérí rédíétọ̀ tó ń di agbára ìtì bí 1 bar mú lè jẹ́ kí omi dé nǹkan bí 120°C láì hó. Bí ẹ bá ṣí i nígbà yẹn, ojú yín ni yóò ti hó. Mo ti rí apá tó bó nítorí èyí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ má ṣe da omi tútù sínú ẹ́ńjìnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóná kọjá ààlà, irin lè là.

Ẹ fi jáàkì gbé imú ọkọ̀ sókè, kí ẹ fi ìdúró irin tì í lábẹ́, títí ẹnu tí ẹ ń da omi sí fi ga ju ohun gbogbo lọ. Ẹ yí hítà sí gbígbóná pátápátá. Ẹ tú bóòtì kékeré tí wọ́n fi ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ bí ẹ́ńjìnì bá ní in. Bí kò bá ní in, ẹ dẹ hóòsì hítà tó ga jù lọ. Ẹ ki àrọ gígùn bọ ẹnu rédíétọ̀. Wọ́n ń ta àrọ olówó ńlá fún èyí, ṣùgbọ́n ìgò ike ńlá tí mo gé ìdí rẹ̀, tí mo fi rọ́bà túùbù táyà wé lọ́rùn, ni mo ti ń lò láti ọdún yìí wá.

Ẹ rọra dà á. Bí ẹ bá dà á bí ẹni ń pa iná, ẹ ń ti afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀ ni. Ẹ sì ka iye lítà tó wọlé: bí ìwé ọkọ̀ bá ní lítà 7, tí mẹ́rin péré wọlé, lítà mẹ́ta tó kù, afẹ́fẹ́ ló wà ní ipò rẹ̀. Omi lásán ni mò ń lò lọ́jọ́ ìwádìí níbi tí omi kì í ti í di yìnyín, kí kúláǹtì, oògùn tí a ń pò mọ́ omi ẹ́ńjìnì, má bàa ṣòfò. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá dára ni mo máa ń da kúláǹtì ìlàjì, omi ìlàjì. Ẹ má jẹ́ kí kúláǹtì ṣẹ́ kù sílẹ̀, ó dùn lẹ́nu ajá, ó sì ń pa á.

Bí omi bá ti ń jáde láti ojú bóòtì láìsí afẹ́fẹ́, ẹ dé e. Ẹ tan ẹ́ńjìnì, kí àrọ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹsẹ̀ yín kò gbọ́dọ̀ kan tọ́ọ̀tù, ibi tí a ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ kíkan pé àwọn ń lé afẹ́fẹ́ jáde, wọ́n ń lù ú di ìhó ni, ìhó sì ṣòro yọ ju afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ máa fún hóòsì òkè díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó rí afẹ́fẹ́ tó ń sọ pọ̀ọ́ nínú àrọ. Á dákẹ́, ọ̀pọ̀ á rò pé ó ti parí. Kò tíì parí. Tàmósítáàtì kò tíì yanu. Ìgbà tó bá yanu, hóòsì òkè á gbóná lójijì, omi inú àrọ á lọ sílẹ̀ gbì, afẹ́fẹ́ kejì á sì jáde. Ẹ máa fi omi kún un. Ẹ dúró títí fáànù fi tan, kí ó kú, kí ó tún tan, kí hítà sì máa fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná láìdáwọ́ dúró. Bí hítà bá ń fẹ́ tútù nígbà tí ẹ́ńjìnì ń jó, afẹ́fẹ́ ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ pa á, kí ó sùn mọ́jú. Ní àárọ̀, ẹ ṣí i ní tútù, ẹ ó rí i pé omi ti lọ sílẹ̀. Ẹ kún un. Àárọ̀ mẹ́ta ni mo máa ń ṣe èyí kí n tó gbà pé ó tán. Ẹni tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan, òun ni mò ń rí ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Bí afẹ́fẹ́ kò bá tán

Bó bá ń ru jáde láìdẹ́kun, tí hóòsì òkè sì ń le koránkorán ní ìṣẹ́jú kan péré lẹ́yìn tí ẹ tan ẹ́ńjìnì tútù, èéfín inú sílíńdà ló ń wọ inú omi. Omi aláwọ̀ búlúù kan wà tí a ń gbé sórí ẹnu rédíétọ̀ láti dá a mọ̀: bó bá di yẹ́lò, tọ́ọ̀pù gáásìkẹ́ẹ̀tì ti lọ, tàbí tọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ ti là. Bí kò bá sí, ẹ tú àwọn plọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sínú sílíńdà. Èyí tó mọ́ bí ẹni fọ̀ ọ́ nígbà tí àwọn yòókù dúdú, omi ló ń wẹ̀ níbẹ̀. Àwọn kan tó ń ta ẹ́ńjìnì àlòkù máa ń lẹ irin pẹlẹbẹ kékeré kan, tó dà bí owó ẹyọ, mọ́ ọn, tí àárín rẹ̀ ń yọ́ bí ẹ́ńjìnì bá gbóná jù. Ẹ wò ó kí ẹ tó sanwó, ẹ má yọ ọ́ tí ẹ bá rà á tán.

Rédíétọ̀, ìgbẹ̀yìn gbogbo rẹ̀

Ẹ fi ìbọn ooru yẹn tọ ojú rédíétọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná. Ooru yẹ kí ó máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Bí ibì kan bá tutù lójijì bí erékùṣù, ọ̀nà omi ibẹ̀ ti dí. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tẹ tọ́ọ̀tù díẹ̀ kí ẹ máa wo hóòsì ìsàlẹ̀. Bó bá ń fà mọ́ra bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó ń fa sìgá, ó ti rọ̀ jù, tàbí sípíríǹgì inú rẹ̀ ti sọnù. Bí gbogbo èyí bá dára, tí ẹ́ńjìnì tuntun sì tóbi ju ti àtijọ́ lọ, ẹ lè wá ra rédíétọ̀ tó tóbi jù ú lọ.

Kí ọkọ̀ tó kúrò lọ́wọ́ mi, mo máa ń wà á fún ogún ìṣẹ́jú, kí ó gun òkè kan, kí n wá dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù ní títàn. Gálọ́ọ̀nù omi kan máa ń wà nínú bútù. Ní ọjọ́ kejì, kí n tó tan án, mo ṣí ìdérí, mo wo ibi tí omi dúró sí, mo fi bírò fa ìlà sára ike.